Òkúta inú kíndìnrín kan, orílẹ̀-èdè mẹ́ta

Òkúta inú kíndìnrín ló kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀ nípa ínṣọ́ránsì ìlera. Àìsàn yẹn kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, bó bá sì lọ, ó mọ ọ̀nà padà. Ó mú mi ní Jámánì nígbà tí mo ń kàwé, ó tún mú mi ní Ìlú Ọba nígbà tí mo ti ń gbowó oṣù, ó sì tẹ̀ lé mi dé Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kan náà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, igbe kan náà ni mo máa ń ké. Ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn tí mo bá ti padà sílé ló yàtọ̀.

Ní 2011 ni mo dé Jámánì. Mo kó gbogbo ìwé mi lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sílẹ̀, mo ti tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dá mi lójú pé kò sí ohun tó kù. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ó ku ìwé ínṣọ́ránsì ìlera. Mo ní mi ò ní, pé ara mi le. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn dá fáìlì mi padà, ó sì júwe ilé kan ní òdìkejì títì fún mi. Láìsí ìwé yẹn, kò sí ẹ̀kọ́. Bí mo ṣe bá ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ìlera tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Krankenkasse pàdé nìyẹn.

Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san nígbà náà kò pé 80 Euro lóṣù, ṣùgbọ́n lójú tèmi, olè ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, mi ò rántí ìgbà tí mo lo oògùn gbẹ̀yìn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti yọ owó náà ní báǹkì ni mo máa ń bú wọn.

Alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kọkànlá, mo ṣubú lulẹ̀ ní balùwẹ̀. Ẹni tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi ló pe áńbúláǹsì. Ẹ lè má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n nínú ìrora yẹn, owó ni mo ń ṣírò. Mo ń bi ọkùnrin tó di apá mi mú nínú ọkọ̀ pé, "Èló? Èló?" Ó rò pé mò ń ṣèrànrán ni. Káàdì lòun ń béèrè. Mo yọ ọ́ nínú pọ́ọ̀sì, káàdì pẹlẹbẹ bíi ti báǹkì. Ó kì í bọ ẹ̀rọ kékeré kan, ẹ̀rọ náà dún fíín, ó dá a padà fún mi. Ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, wọ́n ti ki rọ́bà tín-ín-rín kan wọnú mi kí ìtọ̀ lè rí ọ̀nà gbà. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n yọ òkúta náà.

Màmá mi pè mí nígbà tí mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Èló ni wọ́n gbà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn ẹ́?"

"Wọn ò gba nǹkan kan, Mọ́mì."

"Wọn ò gba nǹkan kan báwo? Ọwọ́ ta lo ti yáwó?"

"Mọ́mì, káàdì lásán ni wọ́n gbà wò."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ó dáa. A óò rí i tí bíìlì bá dé."

Bíìlì dé lóòótọ́, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. 10 Euro fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí mo lò níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin. 10 Euro fún áńbúláǹsì. Tí mo bá ro 5 Euro oògùn mọ́ ọn, àti 10 Euro tí wọ́n ń pè ní Praxisgebühr, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 65 Euro. Mo yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, mo ń wá ibi tí wọ́n kọ owó gidi sí.

Praxisgebühr yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa rẹ̀, torí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. 2004 ni wọ́n dá a sílẹ̀: 10 Euro lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí o bá fẹ́ rí dókítà, kí àwọn èèyàn má baà máa sáré lọ síbẹ̀ torí orí fífọ́. Àwọn èèyàn kò yéé lọ, iṣẹ́ ìwé ló kàn pọ̀ sí i fún àwọn dókítà. Ní oṣù kọkànlá 2012, àwọn aṣòfin dìbò láti pa á rẹ́, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó dìbò tako. Mi ò tíì rí ohun mìíràn tí ilé aṣòfin kankan fi ohùn kan ṣoṣo sọ báyẹn.

Ìgbà tí mo padà sílé ni mo wá ń béèrè ẹni tó san ìyókù. Àwọn òṣìṣẹ́ ni, pẹ̀lú àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́. Òfin náà ti pẹ́: Otto von Bismarck, olórí ìjọba Jámánì nígbà náà, ló gbé e kalẹ̀ ní 1883. Kì í ṣe pé àánú òṣìṣẹ́ pọ̀ lójú rẹ̀. Àwọn sósíálísì ló ń dẹ́rù bà á, ó sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ rí ohun tí ìjọba ṣe fún wọn kí wọ́n má baà tẹ̀ lé àwọn yẹn. Lónìí, ìdá 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni wọ́n ń yọ, pẹ̀lú àfikún díẹ̀ tí Krankenkasse kọ̀ọ̀kan ń dá lé e. Ọ̀gá san ìdajì, òṣìṣẹ́ san ìdajì. Krankenkasse kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ń wá èrè. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé owó oṣù rẹ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo àìsàn rẹ. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ àti ẹni tí kò ṣàìsàn rí, tí owó oṣù wọn bá dọ́gba, iye kan náà ni wọ́n ń san. Ọmọ, àti ìyàwó tàbí ọkọ tí kò ríṣẹ́ ṣe, wà lórí káàdì ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìsan kọ́bọ̀ kún un.

Ó ní àbùkù tirẹ̀ o. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ bá ti ga dé ibì kan lè jáde lọ sí ínṣọ́ránsì aládàáni, bí ọ̀kan nínú ẹni mẹ́wàá ló sì wà níbẹ̀. Tí irú wọn bá pe dókítà, wọ́n á rí wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìwọ á dúró dé oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ń bí àwọn ará Jámánì fúnra wọn nínú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kan tó ti jáde bẹ́ẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ ti wá di ẹni ọgọ́ta ọdún, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ti fò sókè, ọ̀nà àbọ̀ sì ti dí: téèyàn bá ti kọjá ọdún 55, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe kó padà sínú ti gbogbo ayé. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ta ilé bàbá rẹ̀.

Iṣẹ́ gbé mi dé Ìlú Ọba ní 2016, èmi, ọkọ mi àti ọmọ kan. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti kọ́kọ́ pàdé ètò ìlera wọn, níbi tí a ti ń kún fọ́ọ̀mù físà. Owó ìlera: £200 lórí ẹnì kan fún ọdún kan. Àwa mẹ́ta, ọdún mẹ́ta: £1,800, ẹ̀ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó wo ìwé wa rárá. Ní oṣù kejì 2024, wọ́n gbé e dé £1,035 fún àgbàlagbà àti £776 fún ọmọdé. Ìdílé tó bá tọ ọ̀nà tí a tọ̀ lónìí máa san £8,538 kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó sín.

Lẹ́yìn tí a sì ti san èyí, wọ́n ń yọ owó orí lára owó oṣù mi bíi ti gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n tún ń yọ ohun tí wọ́n ń pè ní National Insurance. Orúkọ yẹn tàn mí jẹ fún ọdún kan gbáko. Mo rò pé bíi ti Krankenkasse ni, pé orúkọ mi wà nínú ìwé kan níbì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé mo ti san. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú àpò owó orí gbogbo gbòò ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ti ń wá. Ẹni tí kò san National Insurance rí tó sì ń gbé níbẹ̀ lábẹ́ òfin máa rí dókítà bí mo ṣe rí i. Èyí ni ohun tí Aneurin Bevan, mínísítà ìlera nígbà náà, dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù keje 1948: ìjọba ló ni ilé ìwòsàn, ìjọba ló ń san owó oṣù nọ́ọ̀sì, kò sí ínṣọ́ránsì láàárín.

Oṣù kejì 2018 ni òkúta kejì dé. Ọkọ mi wà mí lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n fún mi ní oògùn ìrora, wọ́n sì ní kí n jókòó. Mo jókòó títí di aago mẹ́fà àárọ̀. Mo mọ àwọn àbàwọ́n ara ògiri yẹn bíi pé èmi ni mo kùn ún. Ní òru, mo ké "Yéè, ìyá mi o," nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá sì dúró gbagidi. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún dáadáa.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Fara dà á. Àwọn tí kò lè mí ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà wọlé."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni ká ti lọ sanwó?"

"Owó kẹ̀?" Ó wò mí bí ẹni pé òkúta náà ti gun orí mi. "Jókòó jàre."

Lóòótọ́, kò sí ibi ìsanwó. Mo wá a kiri nígbà tí ara tù mí díẹ̀, tojútojú ni mo fi wá a, torí ọkàn mi kò balẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí ọkọ mi ti yọ owó ní ilé ìwòsàn náà ni ẹ̀rọ tó wà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Nígbà tó yá, a san £8.60 lórí oògùn ní ilé ìtajà oògùn, torí England là ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Scotland kì í san ìyẹn pàápàá. Wọ́n ti fagi lé e níbẹ̀ láti 2011, ní Wales láti 2007. Nǹkan kékeré báyìí ti da ìjọba rú rí: ní 1951, nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó eyín àtọwọ́dá àti dígí ojú, Bevan fi ipò mínísítà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkúta mi kò tíì jáde. Ó ti há. Dókítà ní wọ́n máa fi ẹ̀rọ onígbì ìró fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ láti ìta, pé wọ́n á kọ lẹ́tà sí mi. Ìlànà ìjọba fúnra wọn ni pé láti ìgbà tí dókítà bá ti fi ọ́ ránṣẹ́ sí ògbóǹtarìgì títí di ìgbà tí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀, kò yẹ kó ju ọ̀sẹ̀ 18 lọ. Oṣù méje ni mo dúró. Láàárín rẹ̀, mo padà sí ẹ̀ka pàjáwìrì lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ mọ́kànlá ni mi ò fi lè lọ síbi iṣẹ́, àpò oògùn ìrora kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ní Jámánì, ọjọ́ mẹ́ta ni. Nígbà tí mo gbọ́ ní 2023 pé ìwé àwọn tó ń dúró de ìtọ́jú ní England ti kọjá mílíọ̀nù méje ààbọ̀, mo mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí lára.

Mi ò fi èyí bú NHS o. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró nísinsìnyí, wọ́n á sáré sí i, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í léèrè bóyá ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé mo san ju £1,800 àti owó orí lọ. Mo fi oṣù méje san ìyókù, kò sì sí ìwé kankan tí wọ́n kọ ìyẹn sí.

A dé Amẹ́ríkà ní 2021, torí ọkọ mi ríṣẹ́ níbẹ̀. Ínṣọ́ránsì wa sì ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ètò mẹ́ta síwájú wa, ọ̀sẹ̀ méjì sì ni wọ́n fún wa láti mú ọ̀kan. Àwa méjèèjì kàwé, àmọ́ a jókòó ti tábìlì yẹn bí ẹni tí wọ́n fún ní ìwé èdè àjèjì. Premium ni èyí tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù, ìyẹn yé wa. Deductible ni iye tí o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àpò ara rẹ san tán láàárín ọdún kí ínṣọ́ránsì tó lajú. Copay ni owó ẹnu ọ̀nà. Coinsurance ni ìpín tìrẹ lẹ́yìn tó bá ti lajú tán. Network ni àwọn ilé ìwòsàn tí òun àti ínṣọ́ránsì rẹ jọ ní àdéhùn. Òmíràn tún wà tó jẹ́ òpin ibi tí owó ọwọ́ rẹ lè dé láàárín ọdún. Òfin ní kò gbọdọ̀ ju $8,700 lọ fún ẹnì kan ní 2022.

A mú èyí tí owó oṣooṣù rẹ̀ kéré jù, tí deductible rẹ̀ jẹ́ $3,000 lórí ẹnì kan. Ọgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún yẹn náà ni: ara wa le. Ẹni tí òkúta ti mú lẹ́ẹ̀mejì o!

Ní oṣù kẹta 2022, ó dé. Mo ní kí ọkọ mi má pe áńbúláǹsì, torí ìtàn tí a ti gbọ́ nípa bíìlì rẹ̀. Mo ká lórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀, orí mi wà láàárín orúnkún, òun sì ń fi àtàǹpàkò kan wá a lórí fóònù bóyá ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa jù wà nínú network. A wà níwájú ilé, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, a ò tíì rìn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tó pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé ìyà òfo ni mo jẹ: láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún náà gan-an, òfin tuntun kan ti wà pé ní pàjáwìrì, ilé ìwòsàn tí kò sí nínú network kò gbọdọ̀ gbà ju ohun tí ti inú network máa gbà lọ́wọ́ rẹ. Ti áńbúláǹsì ni ìbẹ̀rù wa jẹ́ òótọ́. Òfin náà yọ èyí tó ń rìn lórí ilẹ̀ sílẹ̀.

Kí n má purọ́, mi ò tíì rí ìtọ́jú tó yá bẹ́ẹ̀ rí. Láàárín ogún ìṣẹ́jú wọ́n ti fún mi ní abẹ́rẹ́, láàárín wákàtí kan wọ́n ti gbé mi kọjá nínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú. Òkúta kékeré ni, ó máa bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀. Wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn tí a wọlé, a ti padà sílé.

Lẹ́tà wá bẹ̀rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ ínṣọ́ránsì, wọ́n sì fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́ sí i lókè pé kì í ṣe bíìlì. Kí wá ni? Ó ní ilé ìwòsàn béèrè $9,400. Ó ní àdéhùn tí wọ́n jọ ní jẹ́ $3,700, pé nípa bẹ́ẹ̀ wọ́n ti bá mi fi $5,700 pamọ́. Ìpín tèmi: $3,000 deductible, àti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún $700 tó kù. $3,140. Mo tún un ṣírò lẹ́yìn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi. Kí ni $9,400 yẹn wà fún, bí kò bá sí ẹni tó máa san án? Mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin kan lórí fóònù. Ó ní ẹni tí kò ní ínṣọ́ránsì ni wọ́n máa fi iye yẹn hàn, pé ṣùgbọ́n irú wọn lè bẹ̀bẹ̀.

Mo rò pé ó parí. Lẹ́tà tún dé láti ọ̀dọ̀ dókítà tó wò mí, torí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà. Òmíràn dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ka àwòrán náà, tí mi ò fojú kàn rí. Mo ní kí ilé ìwòsàn kọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú-ewé mẹ́ta. Mo rí i pé wọ́n ka omi tí wọ́n fà sí mi lára ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo sì dìde ogun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìpè mẹ́rin, orin tí wọ́n fi ń dá èèyàn dúró lórí fóònù wọ̀ mí lára débi pé ọmọ mi ń kọ ọ́. Wọ́n gbà pé àṣìṣe ni. Wọ́n yọ $300 kúrò nínú $3,700, èyí tó túmọ̀ sí pé ìpín tèmi di $3,080. Mo jà fún oṣù kan ààbọ̀ torí $60.

Mo bi ọkọ mi pé kí ló fà á tí ìlera èèyàn fi so mọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Òun náà ò mọ̀, ni mo bá wá a. Ogun Àgbáyé Kejì ni. Ní 1942 ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má fi owó kún owó oṣù, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì wá ń fi ínṣọ́ránsì fà wọ́n mọ́ra, torí wọn ò kà á sí owó oṣù. Nígbà tó di 1954, òfin owó orí fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò sí owó orí lórí rẹ̀, ó sì di bárakú. Àwọn arúgbó àti àwọn aláìní ni kò bá èyí mu, àwọn ni wọ́n dá Medicare (ti arúgbó) àti Medicaid (ti aláìní) sílẹ̀ fún ní 1965; Harry Truman, ààrẹ àtijọ́, ló gba káàdì Medicare àkọ́kọ́. Òfin tí Obama fọwọ́ sí ní 2010 ló sì gbà mí sílẹ̀. Kó tó di 2014 tí apá yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí mo bá lọ ra ínṣọ́ránsì fúnra mi, wọ́n lè wo òkúta méjì àkọ́kọ́ kí wọ́n ní àwọn ò ṣe.

Ní oṣù kìíní 2023, ibi iṣẹ́ ọkọ mi dín òṣìṣẹ́ kù, ó sì wà lára wọn. Ó gba ìwé náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ínṣọ́ránsì wa máa dópin ní ìparí oṣù. Òfin kan tí wọ́n ń pè ní COBRA ní a lè dì í mú fún oṣù 18, tí a bá lè san gbogbo rẹ̀ fúnra wa: ìpín tiwa, ìpín ọ̀gá, àti ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún wàhálà wọn. Ó lé ní $2,000 lóṣù. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iye tí ínṣọ́ránsì wa ń jẹ gan-an, nígbà tí kò sí owó tó ń wọlé.

Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ń rántí ọmọ iléèwé mi kan ní Jámánì tó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀: ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń fún un lówó àìríṣẹ́ náà ló ń san owó Krankenkasse rẹ̀, káàdì rẹ̀ kò yí padà. Ní Ìlú Ọba, tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, dókítà rẹ̀ lè má mọ̀ rárá. Bíìlì $3,080 dùn mí o, ṣùgbọ́n a san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan, ó tán. Èyí tó dẹ́rù bà mí ni pé ọjọ́ tí ọwọ́ ẹni rọ jù ni ààbò náà ń lọ. A sáré ra òmíràn lórí ọjà tí òfin 2010 dá sílẹ̀, láàárín ọjọ́ 60 tí wọ́n fún wa, ìjọba sì bá wa gbé díẹ̀ nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ya ọlọ́fìn-íntótó. Mi ò kì í bi ẹni tó bá wá láti ilẹ̀ mìíràn nípa ojú ọjọ́ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Switzerland sọ fún mi pé àwọn kì í wo owó oṣù: ọlọ́rọ̀ àti tálákà tó bá wà ní àdúgbò kan náà, tí wọ́n mú ètò kan náà, iye kan náà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, ìjọba ló ń bá ẹni tí kò ní tó san díẹ̀. Àgbàlagbà fúnra rẹ̀ ló máa mú deductible tirẹ̀, láti 300 franc títí dé 2,500. Ní Japáànù, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ń san ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú ní ojú ẹsẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n òpin wà fún un lóṣooṣù, ìjọba ló sì ń kọ iye tí gbogbo nǹkan jẹ́ sínú ìwé kan tí wọ́n ń tún ṣe ní ọdún méjì-méjì. Kò sí pé ilé ìwòsàn kan pe $9,400 kí ẹnì kan dín in sí $3,700. Kánádà? Dókítà àti ilé ìwòsàn kò gba nǹkan kan, àmọ́ nígbà tí mo rò pé mo ti rí ọ̀run, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀ ní oògùn tí òun ń rà lójoojúmọ́ kò sí lára rẹ̀, pé ibi iṣẹ́ òun ló ń san án. Ibẹ̀ náà, iṣẹ́ ti tún yọjú. Wọn ò sì fi wọ́ọ́rọ́wọ́ dé ibi tí wọ́n wà: nígbà tí ìpínlẹ̀ Saskatchewan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1962, ọjọ́ 23 ni àwọn dókítà fi daṣẹ́ sílẹ̀.

Gánà ni èyí tó mú mi ronú jù. Ọgbọ́n Bismarck dá lórí ìwé owó oṣù. Ẹni tó ń tajà létí ọ̀nà, tí kò ní ọ̀gá, ibo ni wọ́n ti fẹ́ yọ ìdá 14.6? Òfin tí Gánà ṣe ní 2003 gba ibòmíràn: wọ́n fi ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọ̀pọ̀ ọjà àti iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń sanwó fún, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń yọ lára àwọn tó ń gbowó oṣù. Rùwáńdà ní kí ìdílé máa dá owó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, gẹ́gẹ́ bí agbára wọn bá ṣe tó, tí àìsàn bá sì dé, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń san ní ilé ìwòsàn. Tí mo bá fẹ́ mọ ètò tó máa ṣiṣẹ́ fún ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti jẹ́ ọ̀gá ara wọn, àwọn méjì yìí ni mo máa lọ wò, kì í ṣe Amẹ́ríkà.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi pè mí. Ibi iṣẹ́ méjì ti gbà á, ọ̀kan ní Netherlands, èkejì níhìn-ín.

"Àǹtí mi, nínú méjèèjì, ibo ni ìtọ́jú ti jẹ́ ọ̀fẹ́?"

"Kò síbì kankan."

"Ẹ̀yin náà! Ẹ sọ èyí tó dáa fún mi."

Mo ní kó fi ìwé ínṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ ti Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí mi ná. Ojú-ewé mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ojú-ewé kejì kún fún àwòrán ìdílé kan tó ń rẹ́rìn-ín nínú pápá. Mi ò wo iye tí wọ́n ń gbà lóṣù, mi ò wo deductible. Ibi tí wọ́n kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí iṣẹ́ bá bọ́ ni mo ń wá. Ojú-ewé kọkànlélógójì ló wà, ìlà mẹ́ta péré.